Bí Bàbá Lẹ́tà Ṣe Di Ọmọ Iṣẹ́ Ìyàwó Rẹ̀

Òwú dúdú méjì ni wọ́n rán Bàbá Lẹ́tà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà rárá. Bí èèyàn bá sín níwájú ilé wọn, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà á kí i ní pẹ̀lẹ́. Bàbá lọ, ó bọ̀, ó ń súfèé lẹ́nu, ó sì gbé gílóòbù kan kalẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀, wo gílóòbù, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì rọra yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ ṣeun o. Ṣé iná la ó máa fi ránṣọ báyìí?"

Bàbá wo ohun tó rà. "Òwú lo wí."

"Òwú ni mo wí."

"Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́ gílóòbù."

"Ẹ ò jẹ̀bi. Wọ́n jọra. Ọ̀kan dúdú, èkejì ń tàn."

Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ maṣíìnì mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò kọjá eyín.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi pín lẹ́tà. Kò sí ojúlé tí kò mọ̀. Ó mọ ajá tó ń gé èèyàn jẹ, ó mọ èyí tó kàn ń fi ẹnu lásán ṣe akin. Wọ́n ní lẹ́tà kan dé lọ́jọ́ kan tó jẹ́ pé "Sí ẹ̀gbọ́n mi, ilé aláwọ̀ ewé" nìkan ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Háà, ìyá tó ń ta pákó nìyẹn," lẹ́tà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun fúnra rẹ̀ a máa yangàn pé láti ọjọ́ tí òun ti gbé àpò kọ́ èjìká, òun ò ṣi lẹ́tà gbé rí. Ìyàwó rẹ̀ a ní irọ́ ni, ó ṣi ọ̀kan gbé: èyí tí ọkùnrin mìíràn kọ sí òun nígbà tí òun wà lọ́mọge, kò tíì dé di òní. Bàbá kì í dá a lóhùn tó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, nǹkan ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè wọ yàrá, kó dúró gbagidi láàárín ilé bí àga tí wọ́n gbé síbẹ̀ tí wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Kí ló wá mú? Kò mọ̀. Á padà jáde, á tún wọlé, bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó pe onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, ní orúkọ àbúrò Bàbá fúnra rẹ̀ tó ti kú. Onígbàjámọ̀ dáhùn, ó ń fá orí lọ. Ìyẹn ló dun Bàbá jù: pé ó dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àkọ́bí wọn obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn. Nígbà tó pè ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Télọ̀ ròyìn gílóòbù fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí Bàbá gbọ́ ohun mẹ́ta, kó sì tún wọn sọ tó bá yá: ọsàn, àga, kọ́kọ́rọ́. Ó ní kó ya aago. Bàbá ya aago, ó ya ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó tún ya díẹ̀ lára ògiri. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, ó bi í léèrè oríṣiríṣi ìbéèrè, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé tábìlì.

"Bàbá, mi ò rí ohun tó ń bani lẹ́rù. Ọjọ́ orí ni, àti pé ìjókòó yín ti pọ̀ jù. Ẹ máa rìn. Ẹ máa kàwé. Ẹ máa wà láàárín èèyàn, kí ẹ sì máa sùn dáadáa. Ẹ tún wá ohun tí ẹ ò mọ̀ rí, kí ẹ kọ́ ọ. Mi ò ní kò ní sí ìgbàgbé mọ́ o, àmọ́ ó ń ranni lọ́wọ́. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Dókítà sọ ọ́ bí ìmọ̀ràn. Bàbá gbọ́ ọ bí àṣẹ ìjọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ìwé gàdàgbà kan ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, gbogbo iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ máa ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ ló wà níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó ń dán.

Fífi ọwọ́ òsì fọ eyín ló ṣáájú. Ẹnì kan ló sọ fún un pé ó ń jí ọpọlọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún. Wọn ò sọ ohun tí òsì ń ṣe fún eyín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìfófòó ọṣẹ ìfọyín fi ń wà létí Bàbá, tí ìyàwó rẹ̀ ń bi í pé ṣé etí náà ti ń hu eyín ni.

Àlọ́ inú ìwé ìròyìn ló tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n máa ń fi ìdáhùn rẹ̀ kún àpótí kéékèèké. Wọ́n béèrè ohun tó ń rìn láìlẹ́sẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta. Bàbá kọ "ejò." Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní "omi" ni. Ọ̀rọ̀ yìí bí i nínú fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

"Ṣé ejò ní ẹsẹ̀ ni?" Bó ṣe ń bi ìyàwó rẹ̀ nìyẹn bí ẹni pé òun ló ṣe àlọ́ náà. "Dá mi lóhùn! Ṣé o ti rí bàtà lẹ́sẹ̀ ejò rí?"

Ó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, wọn ò dá a lóhùn. Ìyá Télọ̀ ní kó máà bínú, bóyá ẹni tó ń pín lẹ́tà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì.

Èyí tó wá yọ ọ́ lẹ́nu jù ni ti ọ̀nà tuntun. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan bó bá ń rìn láàárọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ilé tuntun tó jọra bí ẹyin. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún padà síbi tó ti yà. Nígbà tí onígbàjámọ̀ gun alùpùpù kọjá, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìkòríta, tó ń wo nọ́ńbà ara ilé kan bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Onígbàjámọ̀ dúró. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti mọ̀. Ó kàn fọwọ́ gbá ẹ̀yìn alùpùpù.

"Bàbá Lẹ́tà, ẹ gòkè. Ẹ ò ní sítáǹbù lára, àmọ́ mo mọ àdírẹ́sì yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín dé ilé. Nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà, kò béèrè oúnjẹ, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Télọ̀ bu tíì fún un, ó gé búrẹ́dì sí i, ó dúró tì í.

"Bàbá wọn, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe yìí, ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ kàn ń ṣe é lódìlódì. Dókítà ní kí ẹ kọ́ ohun tí ẹ ò mọ̀. Kí lẹ ò mọ̀?"

Bàbá ronú dáadáa. "Kò sí," ló wí.

"Ẹ dìde. Ẹ máa bọ̀."

Ó mú un wọ yàrá tó ti ń ránṣọ, ó ṣí aṣọ kúrò lórí maṣíìnì àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó nu eruku rẹ̀, ó sì ní kí ọkọ òun jókòó.

Bàbá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ìránṣọ kẹ̀? Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ìlú fún ọdún márùndínlógójì, ìtẹsẹ̀ maṣíìnì ló máa dá a lágara? Ó tẹ ẹ́. Maṣíìnì lọ sẹ́yìn, òwú já. Ó tún un tẹ̀, maṣíìnì lọ síwájú díẹ̀, ó rántí nǹkan, ó tún lọ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fojú kan aṣọ. Orí ìwé tí Ìyá fi rúlà fa ìlà sí ló ti ń tẹ abẹ́rẹ́ láìsí òwú, bí ọmọ tó ń kọ́ ìkọ̀wé. Bó bá ti yà kúrò lórí ìlà, Ìyá Télọ̀ á wú ikọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Bàbá ò mọ bó ṣe ń rí i, nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí i.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe ni àpò ìrọ̀rí. Odindi ọjọ́ kan ló fi rán an. Ìlà rẹ̀ gún, òwú rẹ̀ dọ́gba, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú. Ìyá Télọ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó dára o. Ibo ni ìrọ̀rí máa gbà wọlé?"

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Bàbá ti rán pa.

"Ṣé kò kúkú ní lè jáde," ló fèsì.

"Àṣà ò lè tán lára yín. Ẹ ti lẹ̀ ẹ́ pa bíi lẹ́tà. Ó kù kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, tí Bàbá náà rín in dé ikùn. Ó ṣàkíyèsí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Láti àárọ̀ tó ti ń ka ínṣì, tó ń yí aṣọ, tó ń tú u, tó tún ń rán an, kò rántí bẹ̀rù ìgbàgbé rárá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, kò sì sí ohun tó ń sọ nídìí orí fífá níwájú onígbàjámọ̀ ju òwú àti abẹ́rẹ́ lọ.

Jíjókòó tó jókòó sí yàrá ìránṣọ yìí ló jẹ́ kó rí ohun tí kò rí rí láti pálọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ìyá Télọ̀ kì í kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Á wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di inú orí. Bí ẹ bá pàdé lójú títì lẹ́yìn ọdún méjì, á ní, "O ti fi ínṣì méjì kún ìdí, ṣé oògùn ni àbí ìgbéyàwó?" Níṣojú Bàbá báyìí, ó wọn ọmọge kan ní èjìká, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tún wọn èjìká kan náà. Lọ́jọ́ mìíràn, ó gbé áyọ́ọ̀nù dání, ó dúró gbagidi láàárín yàrá. Bàbá mọ ìdúró yẹn. Òun ló ni ín. Lẹ́yìn náà ni Ìyá á lọ sídìí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì sí, á ṣí i, á fẹ̀yìn bò ó, á tún un tì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìyá jáde, Bàbá wá bọ́tìnnì funfun lọ sínú dúrọ́ọ̀ náà, ó bá ìwé kékeré kan nísàlẹ̀. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àpèjúwe wọn: "Ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tó ń wọ awò ojú, ìdí 46." "Ọkọ ìyàwó, ẹni tó ga, kì í dúró jẹ́ẹ́." Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ó rí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn: "Pa sítóòfù. Padà lọ wò ó." Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ọmọ máa ń pè ní Àìkú. Má bi í ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì." Ọjọ́ tó wà níwájú ìwé náà fi ọdún kan ṣáájú ọjọ́ gílóòbù.

Ká má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wọ inú Bàbá ni ayọ̀ kékeré kan, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé máa ń ní bí wọ́n bá na ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ náà!" Lẹ́yìn náà ni ojú tì í. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i, ó sì ti lé lọ́dún kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé padà sábẹ́ bọ́tìnnì. Kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́, kò sì sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀gá ilé ìwé wá yẹ aṣọ rẹ̀ wò. Òun náà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un, Ọjọ́rú nìyí. Obìnrin tó ní ohùn ni, tí ọmọ òpin ìlà máa ń gbọ́ láìlo gbohùngbohùn. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó ki orí bọ aṣọ aláwọ̀ aró náà. Aṣọ sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Wọ́n fà á. Kò lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bọ́ ọ. Ó gòkè dé àyà, ó há síbẹ̀. Orí rẹ̀ wà nínú aṣọ, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tí wọ́n ní kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá Télọ̀," ohùn náà jáde látinú aṣọ, "ta lẹ rán aṣọ yìí fún?"

Ìyá Télọ̀ di téèpù ọrùn rẹ̀ mú, ó ń wò ó bí ohun tí àlejò fún un mú dání.

Bàbá dìde nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó dúró sí ìhà ìhín kọ́tìnì, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ forí jì mí, Ọ̀gá. Èmi ni. Èmi ni mo gé e."

"Bàbá Lẹ́tà?" Ohùn inú aṣọ ròkè. "Ta ló fún Bàbá Lẹ́tà ní àlùmọ́gàjí?"

"Dókítà ló ní kí n máa kọ́ nǹkan tuntun."

"Ṣé ìdí mi ló ní kí ẹ ti kọ́ ọ ni?"

Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi aṣọ, aṣọ sì rọra yọ.

Ọwọ́ Ìyá kò gbàgbé nǹkan kan. Ó tú aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó gé aṣọ funfun sí i láti abíyá dé ìsàlẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ dè é. Bàbá ló rán ìlà gígùn méjèèjì. Kò sín, kò wú ikọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè títí ó fi dé òpin. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé fi máa gbé aṣọ lọ lọ́jọ́ kejì, ó bá a mu, àmọ́ ó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Lọ́sẹ̀ yẹn, bí Bàbá bá ti ń bọ̀ lókèèrè, onígbàjámọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí rẹ̀. Bàbá gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé dá tán lọ́jọ́ tí aṣọ há yẹn, Ìyá ń ká òwú, kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi purọ́?"

"Mo ti rí ìwé inú dúrọ́ọ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ìwọ náà ò sọ. Ó lé lọ́dún kan."

"Bí mo bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, mi ò ní gbọ́ tèmi. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹnì kan á ṣì wà tó mọ ibi tí a kó nǹkan sí." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Ẹ̀yin lẹ sì fà á. Ẹ jókòó ti dúrọ́ọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ tí mo gé aṣọ yẹn. Ojú tì mí láti ṣí i níwájú yín. Mo ní mo rántí. Mo gé mẹ́rìndínlógójì fún ẹni mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"A jẹ́ pé mi ò purọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo gé e."

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Wọ́n ní kí Ìyá ya aago. Ó ya á, ó ní ínṣì mẹ́fà ni yípo rẹ̀, dókítà kò sì fi òwú wọ̀n ọ́n, ó gbà á gbọ́. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kó rántí, ó sọ méjì. Ìkẹta kò wá. Dókítà ní ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀, ó nílò awò. Ní ti oorun, ìpayà kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn náà sì ń jẹ ọpọlọ. Ti ìgbàgbé fúnra rẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Kò ṣèlérí. Kí tọkọtaya jọ máa bọ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìyá sunkún díẹ̀ nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Ìwé kékeré náà kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Orí tábìlì ìgéṣọ ló ń gbé báyìí, ní gbangba. Ìyá ń pe ìwọ̀n, Bàbá ń kọ ọ́ ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó ń dán. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti lọ. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Ìyá ló dá a sílẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ wọn nọ́ọ̀sì gbọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá. Ìyá á sọ ìwọ̀n, Bàbá á sọ ojúlé àti orúkọ.

"Èjìká mẹ́tàdínlógún."

"Ojúlé kẹsàn-án. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni."

"Àbúrò rẹ̀ ni!"

"Bó bá jẹ́ àbúrò ni, ó ti ju ẹ̀gbọ́n lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí wọn ò rí rí gbé àpótí kọjá, ó yà wá béèrè ọ̀nà ibùdókọ̀. Bàbá wò ó látòkè délẹ̀.

"Àyà rẹ̀, ogójì," ló sọ jẹ́jẹ́.

"Ogójì kẹ̀? Méjìlélógójì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà wí, "ọ̀nà ni mo bi yín."

"A máa júwe ẹ̀," ni Ìyá Télọ̀ dáhùn, ó ti ń tú téèpù lọ́rùn. "Ẹ kọ́kọ́ gbé àpótí sílẹ̀. Ẹ na apá."

Ọkùnrin náà na apá, ó ṣe bí àlá lójú rẹ̀. Ìyá fi téèpù yí i ká, ó fa awò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Èló ni?" ni Bàbá béèrè.

"Mọ́kànlélógójì."

"Mo jẹ."

"Báwo lẹ ṣe jẹ? Èmi ni mo súnmọ́ ọn jù."

"Ẹyọ kan ló fi ju tèmi, ẹyọ kan ló fi dín sí tìẹ. Ó ti jẹun ọ̀sán, yọ oúnjẹ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ bi í bóyá ó jẹun!"

Àlejò wo ọ̀kan, ó wo èkejì, apá rẹ̀ ṣì nà síta, nítorí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé kó gbé e sílẹ̀.